Wàràkàṣì àti Ìtàn Àwọn Atẹ̀dó Àfonífojì New Glarus



Ilé oúnjẹ kan wà ní ìlú Monroe, ní Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Baumgartner's ni orúkọ rẹ̀. 1931 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, búrẹ́dì, àlùbọ́sà àti wàràkàṣì tí à ń pè ní Limburger ni wọ́n gbé síwájú mi. Òórùn rẹ̀ mú mi fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tọ́ ọ wò, mo jẹ ẹ́ tán. Ìbéèrè kan ni mo bá kúrò níbẹ̀: ta ni ó gbé oúnjẹ yìí débẹ̀, kí ni ó sì gbé àwọn fúnra wọn débẹ̀?

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ṣe ni àwọn ará Switzerland di ọgbọ́n wàràkàṣì mọ́ ẹrù wọn wá. Èmi kò rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí.

Ebi ni ó lé wọn jáde. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìṣẹ́ pọ̀ ní agbègbè Glarus. Ilẹ̀ kò tó, iṣẹ́ kò sí. Wọ́n rán Nicholas Duerst àti Fridolin Streiff ṣíwájú láti wá ilẹ̀. Àwọn méjèèjì ra éékà 1,280 lẹ́bàá odò Little Sugar. Ní oṣù kẹrin 1845, ènìyàn 193 gbéra ní Glarus. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, àwọn tí ó kọ́kọ́ dé àfonífojì náà lé díẹ̀ ní 100. Mathias Duerst, ọ̀kan nínú wọn, ń kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àmọ́ ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olówó. Àwọn Ho-Chunk ni ó ni agbègbè náà kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fi àdéhùn 1829 àti 1832 gbà á lọ́wọ́ wọn.

Àlìkámà ni àwọn atẹ̀dó náà kọ́kọ́ gbájú mọ́. Nígbà tí ó yá, ilẹ̀ ṣá, kòkòrò sì ba oko jẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n yíjú sí màlúù. Ní 1868, Nicholas Gerber dá ilé iṣẹ́ Limburger sílẹ̀ ní agbègbè náà. Omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń nu ara wàràkàṣì yìí léraléra títí yóò fi gbó. Ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín tí ó ń hù lára rẹ̀ ni ó ń fún un ní òórùn. Àwọn aládùúgbò ráhùn sí òórùn náà. Síbẹ̀, ní 1914, ìlú Monroe bẹ̀rẹ̀ ọdún wàràkàṣì, ohun tí wọ́n ń yan fanda lé lórí títí di òní.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́. Èkíní, àṣà kì í ṣe ẹrù tí a dì nílé tí a sì tú síbi tí a dé. Ohun tí ó bá kùnà ní àjò ni ó máa ń sọ èyí tí a óò rántí láti ilé. Èkejì, oúnjẹ àlejò lè di oúnjẹ ìlú, kí ìtàn àlejò sì di ìtàn ìlú, bí ẹnìkan bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá yíjú sí ilé. Wàrà tí à ń rà ní ọjà Ìlọrin, Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ọwọ́ àwọn obìnrin Fúlàní ni ó ti wá. Wọ́n mọ bí a ti ń fi omi bọmubọmu mú kí omi ọmú màlúù dì. A ń jẹ ẹ́, a ń gbádùn rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí a bí níhìn-ín, tí a bí ìyá rẹ̀ níhìn-ín, àlejò ni a ṣì ń pè é. Nígbà tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran bá sì dé, a nílò àkọsílẹ̀ tí yóò rán wa létí bí a ti ń bá ara wa gbé tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń bẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn ìyá oníwàrà kí wọ́n tó kú. Ẹ béèrè ọ̀nà tí àwọn òbí wọn gbà dé, ẹni tí ó fún wọn ní ilẹ̀, àti ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà ṣáájú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí Mathias Duerst ti ṣe.