Èdè Wo Ni Tọ́lá Yóò Máa Sọ Lọ́la?

Ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ló wà nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024, iléeṣẹ́ Disney ti Amẹ́ríkà gbé eré kàtúùnù kan jáde tí wọ́n sọ ní Iwájú. Apá mẹ́fà ni, wọ́n sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó jọ ṣe é pẹ̀lú Disney ni iléeṣẹ́ Kugali, tí Tolu Olowofoyeku àti Ziki Adeola, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ pẹ̀lú Hamid Ibrahim, ọmọ Uganda. Èkó ọjọ́ iwájú ni wọ́n yà síbẹ̀, tí mọ́tò ń fò lókè, tí omi ọ̀sà sì tún la olówó àti tálákà níyà bó ṣe là wọ́n lónìí. Nínú apá kìíní ni a ti pàdé Tọ́lá, ọmọbìnrin tó ń gbé ní Erékùṣù pẹ̀lú Túndé bàbá rẹ̀, ọkùnrin tó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kọ́lé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ tálákà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn, tí orí rẹ̀ pé nídìí ẹ̀rọ. Alángbá kan tí bàbá fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún Tọ́lá, tí róbọ́ọ̀tì sì wà nínú rẹ̀, Otin lorúkọ rẹ̀. Àti Bọ́dé, ajínigbé tó ń wọ awò ojú tó ń sọ iye tí èèyàn tó lówó.

Kí ni àwọn tó wo apá kìíní yìí sọ? Ẹni tó bá rò pé mọ́tò tó ń fò ló kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu ṣi èrò. Mọ́tò ti ń fò nínú eré òyìnbó láti ọjọ́ tó pẹ́. Etí ni ìdùnnú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀n, ní Amẹ́ríkà, ohun tó gba ẹnu wọn kan ni pé àwọn ọmọ inú eré náà ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Nàìjíríà. Simisola Gbadamosi ló sọ̀rọ̀ fún Tọ́lá, Siji Soetan fún Kọ́lé, Fẹ́mi Branch fún Bọ́dé, ẹnikẹ́ni kò sì yí ahọ́n pó kí òyìnbó lè gbọ́ ọ. Ẹ rántí iye ọdún tí a ti ń wo fíìmù òkèèrè tí òṣèré tí kò tẹ ilẹ̀ yìí rí yóò máa da ohùn rú, tí wọn yóò ní ohùn Áfíríkà nìyẹn. Lẹ́yìn ohùn ni wọ́n wá dárúkọ ohun tí ojú wọn mọ̀: sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, àwọn tó ń sáré tajà láàárín títì, àti alángbá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Inú Otin kò run, ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó jọ èyí tó ń mirí lára ògiri wa, ọmọdé gbà á gbọ́ kíá. Ohun tí èèyàn mọ̀ ni ó fi ń gba ohun tí kò mọ̀ wọlé.

Mo fara mọ́ ìdùnnú àwọn òǹwòran wọ̀nyí tọkàntọkàn. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé ìdajì ohun tó tọ́ sí wa ni a gbà tí a sì ń jó sí. Gẹ̀ẹ́sì wa ni a gbọ́ nínú eré náà, pẹ̀lú pijin díẹ̀ àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń ta sí i bí iyọ̀. Orúkọ eré jẹ́ Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀ pàápàá, orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìlú jẹ́ ìlú Yorùbá, ẹnu wọn ni kò sọ Yorùbá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún kan náà, tí ó jẹ́ pé ọjọ́ 29 oṣù kejì nìkan ló wà láàárín, Netflix gbé Aníkúlápó: Rise of the Spectre ti Kúnlé Afọláyan jáde. Èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ayé àtijọ́ ni eré náà wà, ayé ọba àti ẹrú, ẹṣin àti oògùn. Fíìmù Aníkúlápó àkọ́kọ́ tó jáde ní 2022 rí bẹ́ẹ̀. Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ ní 2023 rí bẹ́ẹ̀. Ẹ to wọ́n pọ̀ kí ẹ wò ó. Ọmọ tó bá jókòó wo Iwájú àti Rise of the Spectre ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yìí yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí olùkọ́ kankan kò fẹnu sọ fún un: pé Yorùbá ni èdè idà àti ẹṣin ìgbàanì, pé lọ́jọ́ tí mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, Yorùbá ti bọ́ sílẹ̀ ní ìdíkọ̀. Fẹ́mi Branch tí a mọ̀ bí ẹni mowó nínú fíìmù Yorùbá, tó lè fi èdè náà dá ẹ̀rù bani tí irun ara yóò dìde, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi jí ọmọ gbé lọ́la.

Àwọn kan yóò ní bóyá èdè náà kò tó ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe, pé báwo la ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ báwọ̀nyí ní Yorùbá. Ìdí-Ìrókò, ìlú ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin tí a jókòó sí yìí, ti dá wọn lóhùn. Ní ayé àwọn baba wa, ẹnubodè ni ibi tí oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wọ ìlú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé kan ní Paris, ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ilẹ̀ yìí sí méjì, Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan ní 1976. Ààlà tó délẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí. Síbẹ̀ a kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan: a mú ẹnubodè, ọ̀rọ̀ àtijọ́, a fi pe ibi tí kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n dúró sí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà wọn. A sì dá ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹni tó ń gbé ẹrù gba inú igbó lóru, tó ń fi àyà wọ́lẹ̀ kí iná ọlọ́pàá má bàa bà á, fàyàwọ́ ló ń ṣe. Àwòrán odindi ènìyàn nínú òkùnkùn ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, kò sì sí ìwé atúmọ̀ èdè tó kọ́ wa. Èdè tó rí ààlà orílẹ̀-èdè fún ìgbà àkọ́kọ́ tó sì sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀, mọ́tò tó ń fò kò lè dí i lẹ́nu.

Ẹ̀rí tó tún lágbára ju èyí lọ ni igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère tí oníjó ń gbé sórí jó. Ní Kétu àti jákèjádò ilẹ̀ Yewa, àwọn agbẹ́gilére ti gbé alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ àti bàálù sórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ sún mọ́ irú igi bẹ́ẹ̀ kan kí ẹ wò ó dáadáa. Bàálù wà lókè pátápátá, apá rẹ̀ nà síhìn-ín àti sọ́hùn-ún, ọ̀dà funfun àti pupa wà lára rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ojú èèyàn wà, ojú tó tutù pẹ̀sẹ̀, tí a kọ ilà sí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìpénpéjú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀; gèlè orí rẹ̀ ni pápá tí bàálù balẹ̀ sí. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mú ohun tó tuntun jù láyé, ó gbé e lé ẹni tó mọ ara rẹ̀ lórí. Orin tí Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, sì fi ń bá aráyé sọ̀rọ̀ lóru ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Yorùbá ni, ìbáà jẹ́ ní Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ ní Benin. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Benin, Nàìjíríà àti Togo, ló jọ gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kalẹ̀ fún UNESCO, tí àjọ náà fi kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo aráyé ní 2001. Ìtàn ọjọ́ iwájú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa láti Amẹ́ríkà o. A ti ń jó o.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí náà ni mo fi ń dá àwọn tó ní apá kìíní kò tó láti fi dájọ́ lóhùn. Òótọ́ ni pé ìtàn kì í pé nínú nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Bọ́dé yóò rí Tọ́lá jí gbé, kí ó dúró de apá kẹfà. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi bá jáde sí agbo, àwọn òǹwòran kì í dúró dìgbà tí ijó bá parí kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ojú náà ṣe ojú ẹni. Apá kìíní ni wọ́n ti ń fi ìdí ayé lélẹ̀: ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ohun tó ń fò níbẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Èdè tí a bá gbọ́ ní ìṣẹ́jú kìíní ni a óò gbọ́ ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún jù. Ó ní Èkó kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, pé Ègùn wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, àti pé ọmọ olówó Ìkòyí lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń lá àlá. Òótọ́ ni àwọn aṣeré sọ, kí ló dé tí a ń bá wọn jà? Mo gbà pé òótọ́ nípa òní ni. Ṣùgbọ́n wọn kò ya òní. Wọ́n yí ọkọ̀ padà, wọ́n yí ilé padà, wọ́n fi ẹ̀rọ sínú alángbá; nígbà tí ó kan èdè nìkan ni wọ́n ní kí òní dúró bó ṣe wà. Ohun tí èèyàn kò bá yí padà nínú àlá tó fúnra rẹ̀ dá, ohun tó gbà pé kò lè yí padà ni. Kọ́lé tiẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tálákà láti òdìkejì ọ̀sà, tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ ẹ̀rọ, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fi Yorùbá tún fóònù ṣe ní gbogbo ìlú wa báyìí. Bọ́dé náà, DeSousa ni orúkọ bàbá rẹ̀. N kò sọ pé àwọn aṣeré ní ohun kan lọ́kàn, orúkọ ẹni iyì sì ni lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé Àgùdà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé lójú ọ̀nà tó lọ sí Ouidah ní Benin, tó gbọ́ irú orúkọ yìí lára ọkùnrin tó ń díye lé ọmọ ọlọ́mọ, yóò rántí Francisco Félix de Souza tó ta ẹrú níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1849. Òǹwòran ẹnubodè máa ń gbọ́ ohun tí ará Èkó kò gbọ́.

Wọ́n á ní owó ni, pé Disney ní láti tà á káàkiri ayé. Owó náà ni Squid Game ti Korea pa ní 2021 pẹ̀lú èdè Korea lẹ́nu. Nínú Black Panther ní 2018, Xhosa ni àwọn ará Wakanda tó ní ẹ̀rọ ju gbogbo ayé lọ ń bára wọn sọ láàárín Gẹ̀ẹ́sì. Òṣèré kan ṣoṣo, John Kani ti South Africa, ló mú èdè náà wọlé. Àwọn Navajo ní Amẹ́ríkà, tí àwọn tó ń sọ èdè wọn kò tó 200,000, gbohùn Navajo lé Star Wars lórí ní 2013. Tiwa lé ní ogójì mílíọ̀nù. Àwọn Kugali kì í ṣe ojo: ní 2019 ni wọ́n sọ fún BBC pé àwọn yóò fi ẹ̀yìn Disney gbálẹ̀ ní Áfíríkà, tí Disney fi wá wọn wá, tí wọ́n sì kéde àjọṣe náà ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lè béèrè fún èdè rẹ̀.

Disney+ tí eré náà ti jáde kò sí ní Nàìjíríà nígbà náà. Ìlú tí wọ́n yà kò rí i lọ́jọ́ tí ayé rí i. Oṣù kẹrin ni ó tó dé orí DStv. Ọmọ Ìgóló, ní òdìkejì ẹnubodè ní Benin, tó ń ka ìwé Faransé, tó sì ń fi Yorùbá bá ìyá rẹ̀ ṣírò owó gàrí, kò ní ilẹ̀kùn kankan sínú Gẹ̀ẹ́sì Tọ́lá. Ọmọ Ìdí-Ìrókò tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ kò sì lè sọ ọ́ fún un. Apá kìíní náà, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni. Kí wọ́n gbohùn Yorùbá lé ogún ìṣẹ́jú yẹn lórí, kí Fẹ́mi Branch fi ẹnu tirẹ̀ sọ ti Bọ́dé, kí wọ́n ta aṣọ funfun síhìn-ín àti sí Ìgóló ní alẹ́ kan náà. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni àríyànjiyàn àwọn ọmọ náà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti ń pọn omi: bóyá Otin mọ èèyàn ju ajá lọ, bóyá Kọ́lé lè tún un ṣe tó bá bàjẹ́, àti irú orúkọ tí wọn yóò fún mọ́tò tó ń fò.