Orin Wa Nínú Tẹlifíṣọ̀n: Láti Agodi Títí Dé Òkè-Baálẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú wa)

 

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí á sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó kan àdúgbò wa. A yan ìtàn bí orin ilẹ̀ wa ti ṣe wọ inú tẹlifíṣọ̀n, àti ohun tí ó yẹ kí á ṣe kí ó má baà parun. Kò sí ẹni tí ó ń gba Òkè-Baálẹ̀ kọjá tí kò mọ Ilé Àwíyé, níbi tí Ilé-iṣẹ́ Agbóhùnsáfẹ́fẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé fìdí kalẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ lè má mọ̀ pé ọ̀nà tí ohùn yìí rìn jìn púpọ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà wa.

BÍ Ọ̀RỌ̀ TI ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ìjọba nìkan ni rédíò wà. Àwọn àgbà wa sọ ẹ̀rọ náà ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ tirẹ̀, kò sì dúró gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ní 1953, lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí òmìnira ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sì bá ẹgbẹ́ Action Group wí gidigidi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ààyè lórí rédíò kan náà láti fèsì. Wọn kò gbà. Ní ọjọ́ náà ni orúkọ tí àwọn àgbà sọ ẹ̀rọ yìí ro ó gan-an.

Nígbà tí òfin ìṣèjọba tuntun dé ní 1954, ó fún àwọn ẹkùn Nàìjíríà ní àṣẹ láti dá ilé ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi owó tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tí à ń pè ní Overseas Rediffusion, wọ́n sì ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Agodi, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù October, 1959. Ìyáàfin Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni ẹni àkọ́kọ́ tí a rí ojú rẹ̀ nínú rẹ̀. Rédíò WNBS tẹ̀ lé e ní 1960.

Wọ́n máa ń sọ pé WNTV ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Òótọ́ ni pé tẹlifíṣọ̀n ti wà ní Morocco àti Algeria ṣáájú nígbà tí àwọn Faransé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú, ti Ìbàdàn ni ó kọ́ dé. Enugu ní tirẹ̀ ní 1960, Kaduna àti Èkó sì tẹ̀ lé e ní 1962. Ìjà ẹ̀tọ́ àtifèsì ni ó bí i. Orin sì jẹ jù lọ nínú èrè rẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ RÍ TÍ ETÍ KÒ LÈ GBỌ́

Bí ẹnìkan bá bi wá pé kí ni tẹlifíṣọ̀n ṣe fún orin tí rédíò àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kò ti ṣe, èsì wa ni pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ wo dùndún. Ẹni tí ó gbọ́ ìyáàlù nínú rédíò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ. Kò rí apá onílù tí ó fún ọsán mọ́ ẹ̀gbẹ́ kí ohùn lè gòkè, tí ó sì dẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè sọ̀. Kò rí kọ̀ǹgọ́ tí ó tẹ̀ lórí, kò rí ṣaworo tí ó yí ojú ìlù ká, kò sì rí onígúdúgúdú tí ó so tirẹ̀ mọ́ ọrùn tí ó ń fi bílálà méjì lù ú láìsinmi. Ojú ni a fi ń kọ́ gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ọmọ Àyàn ń kọ́ ọ nítorí pé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ń jókòó sí. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, ọmọ tí kò ní Àyàn nílé pàápàá rí ọwọ́ onílù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba ọlọ́rọ̀ ni ó ní àpótí náà, fíìmù òyìnbó ni ó sì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fi hàn. Síbẹ̀, àwọn olórin tiwa rí àyè wọlé, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ó bá wa pààlà.

I. K. DÁÍRÓ

Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ìdílé Ìsáyà Kẹ́hìndé Dáíró ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀fà ni a bí i sí. Bàbá rẹ̀ fi igi gbẹ́ ìlù fún un nígbà tí ó wà ní kékeré. Owó ilé-ìwé kò tó, ó padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó ń fá orí àwọn ènìyàn. Ó kiri aṣọ, ó sì bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ní 1957 ó dá ẹgbẹ́ olórin tí ó pè ní Morning Star sílẹ̀, èyí tí ó wá di Blue Spots. Ó mú akọ́díọ̀nù, dùùrù kékeré tí a ń fà tí a sì ń tẹ̀, wọ inú orin jùjú, ó fi í ti gìtá àti gángan lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn fi ìdíje àwọn ẹgbẹ́ oníjùjú hàn. Dáíró ni ó borí. Àwọn tí ó ti mọ ohùn rẹ̀ nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù rí ọkùnrin náà, wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀ lórí akọ́díọ̀nù. Ní 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ẹni tí ó ń fá orí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ó di ẹni tí ayé ń wò báyìí. Ó kú ní 1996.

ÀWỌN ARÁ ÒṢOGBO

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ilé. Ọ̀gbẹ́ni Dúró Ládipọ̀, ọmọ Òṣogbo, kọ orin fún ìjọ, ó sì mú ìlù ilẹ̀ wa wọ inú rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo ní oṣù March, 1962, pẹ̀lú eré Ọba Mọ́rò. Ní 1963 ni Ọba Kò So tẹ̀ lé e, ní 1964 ó gbé e dé Berlin ní Jámánì, ní 1965 ó gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Eré tí orin àti bàtá gbé ró ni. Ó tún ṣe eré Bódè Wásinmi fún tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Ikú mú un lọ ní 1978.

Olóyè Ọ̀yìn Adéjọbí náà, tí Òṣogbo jẹ́ ibùjókòó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, mú Kóòtù Aṣípa wọ inú ilé àwọn ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láti tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, tí ó fi Iléṣà ṣe ibùgbé títí ó fi kú níbẹ̀ ní 2018, olórin haílàìfù ni kí ó tó di aláwàdà. Sunny Adé ta gìtá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. WNTV ni ó sọ Bàbá Sàlá di ẹni tí ọmọdé àti àgbà mọ̀. Ẹ ò rí i pé bí Agodi ti ní ilé àti ẹ̀rọ tó, láti apá ibí yìí ni púpọ̀ nínú ohun tí ó fi hàn ti wá.

BÍ Ó TI DÉ ÒKÈ-BAÁLẸ̀

Ní 1976 ni ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ìjọba àpapọ̀ sì gba gbogbo tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ yìí sọ́wọ́, òfin 1977 fi ìdí NTA múlẹ̀. WNTV wá di NTA Ìbàdàn. Òfin ìṣèjọba 1979 tún fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àyè láti ní tiwọn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí a wà nínú rẹ̀ nígbà náà sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù August, 1991, ó di dandan kí àwa náà ní ẹnu tí a ó fi sọ̀rọ̀. Bí Ilé Àwíyé ti di ará àdúgbò wa nìyẹn, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sì tún wà ní Ìbòkun, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 1992, òfin gba àwọn aládàáni láyè, Galaxy ní Ìbàdàn sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde.

Ní òkè òkun, orin ti ní tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ nìkan. MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 1 oṣù August, 1981. Channel O dé Áfíríkà ní 1997, MTV Base sì dé ní 2005. Àwọn ọmọ wa ń wò wọ́n, a kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ìkànnì wọ̀nyí ni ó ń yan orin tí wọn yóò fi hàn. Alámọ̀ àti bàtá Òṣogbo kò sí lára ẹrù tí wọ́n kọ́kọ́ ń dì. Bí ilé tiwa kò bá fi wọ́n hàn, ta ni yóò fi wọ́n hàn?

OHUN TÍ Ó Ń DÙN WÁ

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ibí ni ọ̀rọ̀ náà gbé wúwo. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, lójú ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí tẹlifíṣọ̀n fi ń hàn máa ń jáde. Bí orin bá ti parí, ó parí náà nìyẹn. Nígbà tí téèpù dé, ó wọ́n owó, nítorí náà wọn a máa pa ti àná rẹ́ láti ya ti òní sórí rẹ̀. Àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ pàápàá ṣe é. BBC bẹ̀rẹ̀ eré orin Top of the Pops ní ọjọ́ 1 oṣù January, 1964. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti àwọn ọdún 1960 ti parun. Nígbà tí àwọn Beatles, tí òkìkí wọn kàn kárí ayé, wá kọrin níbẹ̀ ní 1966, ẹnikẹ́ni kò tọ́jú téèpù náà. Ní 2019 ni a tó rí ìwọ̀nba díẹ̀ gbà padà, lọ́wọ́ ìdílé kan ní Liverpool tí ó fi kámẹ́rà ilé wọn ya ohun tí wọ́n ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí BBC pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ bá lè sọ irú ohun bẹ́ẹ̀ nù, mélòó nínú ohun tí Agodi fi hàn ni ọmọ wa lè rí wò lónìí? Mélòó ni yóò rí nínú ìdíje tí Dáíró gbà? Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí ó gba díẹ̀ là ní Liverpool: ìdílé kan bí ìdílé tiwa ni. Ohun tí ìdílé kan lè ṣe, ẹgbẹ́ wa lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ wo inú àpótí yín. Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó, ti ìsìnkú àgbà, ti ìwúyè, ti ọdún Ọ̀ṣun, tí a fi ránṣẹ́ sí yín ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, orin tí ẹlòmíràn kò ní lè wà nínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ títí. Ooru àti ọ̀rinrin ń bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí á kó o sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó kú, kí ẹ̀dà kan wà nílé, kí èkejì wà lọ́dọ̀ yín. Ohun tí a tọ́jú sí ibi kan ṣoṣo, a kò tíì tọ́jú rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn onílù àti akọrin àgbà ṣì wà láàárín wa. Kí ẹgbẹ́ yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò lọ bá wọn nílé, tí yóò ya àwòrán àti ohùn wọn, tí yóò sì kọ orúkọ onílù, orúkọ ìlù, agbolé àti ọjọ́ sí i. Àwòrán tí kò ní orúkọ dà bí òkú tí a kò mọ ará ilé rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí á rán àwọn àgbà lọ bá àwọn aládùúgbò wa ní Ilé Àwíyé, kí á fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún orin agbègbè yìí, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀dà kan pa mọ́. Kí á má gbàgbé olórin náà: iṣẹ́ rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, òfin Copyright ti 2022 sì dáàbò bò ó. Ẹni tí a bá ya, kí á fún un ní ohun tí ó tọ́ sí i.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwọn bàbá wa bínú sí asọ̀rọ̀mágbèsì nítorí pé kò jẹ́ kí wọ́n fèsì, wọ́n sì jà títí wọ́n fi ní tiwọn. Àwa ti ní tiwa, ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa. Kí ọmọ wa má baà bi wá lọ́la pé níbo ni ohùn àwọn baba wọn wà, kí á má sì rí èsì fọ̀.

Kí Ọlọ́run kí ó dá ẹgbẹ́ wa sí, kí ó jẹ́ kí Òkè-Baálẹ̀ kí ó tòrò, kí ó sì mú àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ bọ̀ wálé láyọ̀. Àṣẹ.