Títa Àlòkù Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ẹ Má Fi Àléébù Pamọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àlòkù ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́jà yóò fi ọwọ́ yí i, yóò fetí sí ìró rẹ̀, kí ó tó na owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá pàtẹ rẹ̀ sórí Facebook tàbí Jiji, àwòrán àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ń tà á nìkan ni oníbàárà rí.

Níbẹ̀ ni ìṣòro wà. Ọjà tuntun jọra wọn. Àpèjúwe kan tó fún ọgọ́rùn-ún. Àlòkù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó ya ní àwòrán, tí a ó wọ̀n, tí a ó sì kọ àléébù rẹ̀ sílẹ̀, bí èrè rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń ya apá tí ó ń dán, tí wọ́n sì ń fi apá tí ó dípẹtà pamọ́.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní kí a sọ ọ́ gbangba pé àlòkù ni ọjà. Bí ẹ̀rọ bá sì ti Ìwó dé Ìlọrin tí wọ́n dá a padà, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lè jẹ èrè tán.

Ẹ ya àwòrán ní ojúmọmọ. Ẹ má sì tú ọjà sílẹ̀ nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ pé owó ti wọlé. Ayédèrú rẹ̀ wà. Ẹ kọ́kọ́ yẹ àkáǹtì yín wò ní báńkì.

Oníbàárà tí inú rẹ̀ dùn lónìí ni yóò mú ẹlòmíràn wá lọ́la.