Ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀sì Wa: Sítẹ́dì Tó Ń Ròkè

Lónìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì wa ni, Volkswagen Transporter àtijọ́ tí a tẹ́ fóòmù sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí a máa ń sùn sí bí a bá lọ gba ohùn sílẹ̀ lọ́nà jíjìn.

Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, sítẹ́dì á wà ní bíi 2,000 dípò 900. Nígbà mìíràn, kò ní ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá sì gbé e dé ọ̀dọ̀ mekáníìkì, jẹ́jẹ́ ni, bí ọmọ tó rí tíṣà. Mekáníìkì àkọ́kọ́ ní ká ra brain box. Èkejì fọ tọ́tù, ó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Owó lọ, ariwo ò lọ. Látìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ta ló fẹ́ máa jó epo dànù nínú go-slow Geri Alimi?

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé bírékì náà máa ń le lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu ọlọ́kadà ní Tanke ni mo tó lọ bá Alfa tó ń ṣe bírékì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé sítẹ́dì rẹ̀ kì í ròkè tí bírékì bá le?" Ẹnu yà mí.

Họ́ọ̀sì kan ló ti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí búsítà, àgbá dúdú róbótó tó ń bá ẹsẹ̀ wa tẹ bírékì. Ẹ́ńjìnnì ló ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí họ́ọ̀sì náà bá sán, afẹ́fẹ́ tí kò gba ẹnu tọ́tù kọjá á máa wọlé. Ẹ́ńjìnnì á sáré, bírékì á sì le. Tiwa, abẹ́ kílíìpù ló ti sán. Tó bá tutù, ojú ibẹ̀ pa dé. Tó bá gbóná, rọ́bà á rọ̀, á yanu.

Alfa ò tú nǹkan kan. Wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n fi àkísà wé họ́ọ̀sì náà lápá ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi pláyà fún un pọ̀. Ariwo náà balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹlòmíì máa ń fi omi díẹ̀ wọ́n ara họ́ọ̀sì láti wá ibi tó sán; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bẹntiróòlù dán an wò lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná o! Ẹ má sì fi họ́ọ̀sì omi lásán rọ́pò rẹ̀, á fún pọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá fà á. Èyí tó nípọn ni kí ẹ rà.

Tuntun náà ò tó owó plọ́ọ̀gì. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, kò tíì ké. Lọ́jọ́ Sátidé, Jẹ́bà là ń gbé e lọ.