Orúkọ Dísìkì àti Ìpín Ìpamọ́: Bí A Ṣe Lè Mọ Èwo ni Èwo



1. Ìfáárà

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kò kéré. Bí òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá fẹ́ nu dísìkì kan nù kí ó lè lò ó fún iṣẹ́ mìíràn, tí ó sì ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lè parẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Orúkọ ni ó ṣi ènìyàn lọ́nà. Ìbéèrè mi ni èyí: nínú gbogbo orúkọ tí dísìkì kan ń jẹ́, èwo ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé?

2. Àpótí ìpamọ́ àti kọ̀ǹpútà apèsè

Ní ilé iṣẹ́ ńlá, kọ̀ǹpútà apèsè, èyíinì ni èyí tí ń jíṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, kì í sábà gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú ara rẹ̀. Àpótí ìpamọ́ kan wà lọ́tọ̀ tí ó kún fún dísìkì. Wáyà àti ẹ̀rọ tí ó so àpótí yìí mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà ni à ń pè ní storage area network, tí a gé kúrú sí SAN. Alábòójútó àpótí a máa pín àyè inú rẹ̀, a sì máa fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ó ní ìtumọ̀, bí 'owó-oṣù' tàbí 'èsì-ìdánwò'. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí kì í sábà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà apèsè. Dísìkì lásán ni ìyẹn rí.

3. Àwọn orúkọ tí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé

Lórí Linux, dísìkì tí a kọ́kọ́ rí ni sda, èyí tí ó tẹ̀lé e ni sdb, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa náà ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó kọ́kọ́ dé nínú ìbejì ni Táíwò, ẹni tí ó gbẹ̀yìn ni Kẹ́hìndé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a bí Táíwò, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí a bá pa kọ̀ǹpútà tí a sì tún un tàn, àfi bí ẹni pé a tún àwọn dísìkì bí. Èyí tí ó jẹ́ sdb lánàá lè di sdc lónìí.

Nọ́ńbà LUN ńkọ́? Àdéhùn láàárín àpótí kan àti kọ̀ǹpútà kan ni. Ìpín kan náà lè jẹ́ 1 lójú kọ̀ǹpútà kan, kí ó jẹ́ 5 lójú òmíràn. Ìwọ̀n pàápàá kò tó ẹ̀rí, nítorí ìpín mẹ́ta lè dọ́gba. Síwájú sí i, ohun tí ẹnì kan kà sí 100 GiB, ẹlòmíràn lè kà á sí 107 GB àti díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tún dá kún ọ̀rọ̀ náà. Kí iṣẹ́ má baà dúró bí ọ̀nà kan bá dí, a máa ń la ju ọ̀kan lọ. Bí káàdì méjì bá wà lára kọ̀ǹpútà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dé ẹnu-ọ̀nà méjì lára àpótí, ọ̀nà mẹ́rin ni. Ìpín mẹ́ta yóò wá farahàn bí dísìkì 12, láti sdb dé sdm, bí sda bá jẹ́ ti inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

4. Orúkọ àmútọ̀runwá

Ìlànà SCSI pèsè ojú-ewé kan, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 83, níbi tí a ti lè bi dísìkì léèrè pé, 'Ta ni ọ́?' Ìdáhùn ọ̀pọ̀ ìpín SAN jẹ́ àmì 32, tí 6 ṣáájú rẹ̀. Àmì mẹ́fà tí ó tẹ̀lé e ń tọ́ka sí ẹni tí ó ṣe àpótí náà, gẹ́gẹ́ bí àjọ IEEE ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí ni mo pè ní orúkọ àmútọ̀runwá. Ọ̀nà yòówù kí a gbà dé ibẹ̀, ìdáhùn kan náà ni.

Nítorí náà, kí a kọ orúkọ ìpín kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì rẹ̀ láti ojú àpótí. Kí a wá ka ti kọ̀ǹpútà: lórí Linux, àṣẹ multipath -ll yóò kó àwọn ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ àmì kan, yóò sì sábà fi 3 ṣáájú rẹ̀, kí ó di 33, lórí Windows, àṣẹ Get-Disk lè fi UniqueId hàn. Ibi tí àmì méjèèjì bá ti bára mu, ìpín kan náà ni. Kí LUN àti ìwọ̀n wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Kí a ṣọ́ra fún ẹ̀dà. Bí àpótí bá da ìpín kan kọ, ẹ̀dà náà ní àmì tirẹ̀, ṣùgbọ́n UUID tí a kọ sínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ojúlówó. Ẹni tí ó bá fi UUID nìkan dá wọn mọ̀ lè ṣí ẹ̀dà kí ó rò pé ojúlówó ni.

5. Àgbálọgbábọ̀

Orúkọ tí a fi ipò dídé sọ, nọ́ńbà àdéhùn, àti ìwọ̀n, gbogbo wọn ń ṣàpèjúwe dísìkì. Wọn kò fi í hàn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ilé iṣẹ́ tí ń pa àkọsílẹ̀ ará ìlú mọ́ ní ìwé kan tí àmì ìpín kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tún un kọ ní ọjọ́ tí a bá fi ìpín tuntun kún un, kí wọ́n má sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má nu dísìkì nù láìjẹ́ pé ẹni méjì ti ka àmì náà pọ̀.