Omi ló ń pa ata yín, kì í ṣe òùngbẹ

  Admin yín ni. 

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gbígbin ata àti ẹ̀fọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àti àpò ìrẹsì, fọ́tò tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ti pọ̀. Ìbéèrè kan náà ló sì ń bọ̀: "Admin, ata mi ń rọ, ewé rẹ̀ ń pọ́n, bẹ́ẹ̀ mo ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́." Ẹ gbọ́ o: omi àárọ̀ àti alẹ́ yẹn gan-an ló ń pa á.

Gbòǹgbò ń mí bí èèyàn. Tí omi bá kún inú iyẹ̀pẹ̀, kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ mọ́, gbòǹgbò á jẹrà. Gbòǹgbò tó ti jẹrà kò lè fa omi, ewé á wá rọ bíi pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹni tó ni ín á tún da omi sí i. Bó ṣe ń kú nìyẹn. Port Harcourt kì í ṣe Kano. Òjò wa pọ̀, afẹ́fẹ́ wa tutù, iyẹ̀pẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè pẹ́ kó tó gbẹ.

Kí la máa ṣe? Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀, kó wọlé dé oríkèé kejì. Tó bá tutù níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín láàárọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí omi á fi máa jáde nísàlẹ̀. Ẹ tún dúró kó gbẹ kẹ́ ẹ tó padà bomi rin ín. Ẹ lu ihò sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ gbé e lé orí bíríkì méjì, kí ihò yẹn má bàa dí. Ẹ po iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú yanrìn àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́bàá omi, ẹ má pọn omi odò sí i o, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Omi gọ́tà náà, rárá. Omi tẹ́ ẹ fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀wà dára, tí kò bá ti ní iyọ̀. Tòmátì tí ìdí rẹ̀ ń dúdú, omi tó ń gbẹ lónìí tó ń kún lọ́la ló sábà máa ń fà á. Ẹ jẹ́ kí bíbomirin ní ìwọ̀n.

Oúnjẹ wá kù. Ìgbẹ́ adìẹ lágbára, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, ẹ máa yí i, ẹ bò ó kí òjò má wẹ̀ ẹ́. Tí kò bá rùn mọ́, tó dúdú bí iyẹ̀pẹ̀, ó ti jiná. Ẹ̀kúnwọ́ méjì fún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ bomi rin ín, ẹ tó fún un lóúnjẹ. Ẹ má da ìgbẹ́ tútù sí ìdí ewédú: òfin àwọn tó ń dáko láìlo kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 120 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbẹ́ tútù àti ìkórè ohun tó ń kan ilẹ̀. Ewédú wa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àìsàn ikùn lẹ máa fi fún àwọn ọmọ.

Ata tó ní ewé rẹpẹtẹ tí kò so, oúnjẹ ti pọ̀ jù. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó, ẹ dín ìgbẹ́ adìẹ kù. Ẹ bọ́ síbi àwọn tó ń sun bọ̀lì, ẹ bù nínú eérú èédú wọn, ṣíbí ìjẹun kan lóṣù ti tó. Ẹ má lo eérú pákó tí wọ́n kun ọ̀dà sí, tàbí ti táyà. Ẹ má pò ó mọ́ ìgbẹ́ tútù, agbára ìgbẹ́ yẹn á fò lọ.

Ẹ rántí soot, eérú dúdú tó ti ń bà lé wa lórí láti òpin 2016. Ẹ fi omi ṣan ewé nígbà mìíràn láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì fọ ẹ̀fọ́ yín dáadáa kẹ́ ẹ tó sè é.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2016, nígbà tí kòkòrò run tòmátì ní Kaduna, tí ọjà wa sì gbóná. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta kò lè bọ́ ọjà, ṣùgbọ́n ó lè bọ́ ìkòkò ọbẹ̀ ilé ẹni.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi fọ́tò ewé àti fọ́tò ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mìíràn dí i lójú.