Ẹ Jẹ́ Kí A Ka Iṣẹ́ Tó Wà Nílùú Wa

  

Lónìí, a kò ní sọ̀rọ̀ lórí irúgbìn tàbí ajílẹ̀. Ìgboro ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò dé oko. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ mélòó ló wà nílùú yín? Mélòó ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn? Alágbẹ̀dẹ mélòó ló kù tó ń rọ ọkọ́? Àwọn ìyá mélòó ló ń ṣe òrí, mélòó ló ń ṣe èlùbọ́ tà? Ẹni tí yóò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀ kò pọ̀. Kì í ṣe àìgbọ́n. Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni ènìyàn kì í kà.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá fi di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, inú rẹ̀ yóò ti máa dúdú. Ká ní ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà nílùú kan, tí méjì ti dẹnu kọlẹ̀, tí ogún àgbẹ̀ sì wú ẹ̀gẹ́ lọ́sẹ̀ kan náà nítorí wọ́n gbọ́ pé gàrí ti gbówó lórí. Apá kan yóò bàjẹ́. Èyí tí kò bàjẹ́, iye tí ẹni tó gbé ọkọ̀ wá bá dá lé e ni wọn yóò gbà. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ lè máa bẹ ìjọba fún katakata lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ pé àìsí mẹkáníìkì kan tó mọ ẹ̀rọ náà tún ṣe ló ń pa wọ́n lára.

Ìjọba àpapọ̀ mọ̀ pé kíkà dára. Wọ́n dá àjọ SMEDAN sílẹ̀ ní ọdún 2003 nítorí àwọn iṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́dé. Àjọ yìí àti NBS, tí ń rí sí ìṣirò lórílẹ̀-èdè, ti jọ ṣe ìwádìí ní 2010, 2013, 2017 àti 2021. Ti 2017 fi hàn pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 41 ní Nàìjíríà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni òṣìṣẹ́ wọn kò pé mẹ́wàá. Ìwádìí náà wúlò. Àmọ́ àwọn díẹ̀ ni wọ́n ń yàn bi léèrè, kí wọ́n tó fi ìdáhùn wọn ṣírò ti gbogbo ènìyàn. Kò lè sọ fún ará Tedé tàbí Àgọ́-Àrẹ iye ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni yóò ṣe ìyẹn.

Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ìwé, bírò, àti ọ̀dọ́ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ó ti tó. Kí wọ́n pín ìlú ní àdúgbò-àdúgbò. Kí ọkùnrin àti obìnrin jọ máa rìn, nítorí ìyá tó ń ṣe òrí ní ẹ̀yìnkùlé kì í gbé pátákó síta.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìsẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ka iṣẹ́ aṣọ òkè yóò ka àwọn tó jókòó sídìí òfì, yóò sì rò pé òun ti parí. Ẹni tó ń ta òwú ńkọ́? Ẹni tó ń ká òwú ńkọ́? Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbẹ́ igi òfì, télọ̀ tó ń rán aṣọ náà pọ̀, ìyá tó ń gbé e lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, gbogbo wọn ló ń jẹun nídìí aṣọ kan ṣoṣo. Ẹ tún bi ahunṣọ léèrè ibi tí òwú rẹ̀ ti ń wá. Láyé àtijọ́, òwú oko wa tí àwọn ìyá wa ran ni. Lónìí, òwú ilé iṣẹ́ tí a rà láti òde ló pọ̀ jù lórí òfì. N kò ní kí a padà sídìí òwú rínran. Ta ló ráyè rẹ̀ mọ́? Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ ahunṣọ bá mọ iye òwú tí gbogbo wọn ń lò lóṣù, wọ́n lè rà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí owó rẹ̀ sì dín.

Ní Ṣakí, iṣẹ́ irin ló yẹ kí a wò dáadáa. Ẹ má bi àwọn wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ nípa ohun tí wọ́n ń ṣe nìkan. Ẹ bi wọ́n nípa ohun tí wọ́n lè ṣe bí oníbàárà bá wà. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan lè gbéra lọ sí Ìbàdàn lọ ra ẹ̀rọ tí ẹnì kan lè ṣe fún wọn ní ìdúró ọkọ̀ keji.

Ẹ ka iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó jẹ́ àgbẹ̀ lójò lè jókòó sídìí òfì tàbí kó máa gun ọ̀kadà. Bí òjò bá sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ á dí. Kí wọ́n dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ọjà àti lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà.

Ohun tó le jù ni ìbẹ̀rù owó orí. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn àgbà tó rí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969 mọ ohun tí owó orí dá sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Bí ìwé náà bá bọ́ sọ́wọ́ agbowó-orí lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnikẹ́ni kò ní sọ òtítọ́ mọ́. Nítorí náà, kí ìlú pàdé kí wọ́n tó kà. Kí wọ́n fẹnu kò lé ẹni tí yóò tọ́jú ìwé náà, kí ọba tàbí baálẹ̀ àti ìyálọ́jà sì kéde rẹ̀ fúnra wọn. Kí a má ṣe kọ orúkọ, kí a má sì béèrè èrè. Báyìí ni kí ọ̀dọ́ ṣe béèrè:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ kú ooru.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ kọ sínú ìwé yẹn?”

“Ìyá, ẹgbẹ́ ìlú ló rán wa. A kò ní kọ orúkọ yín. Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń ṣe òrí yìí? Ta ló ń rà á lọ́wọ́ yín? Kí ló ń dá iṣẹ́ yín dúró jù?”

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ìyá ṣe sọ ọ́ gan-an, kó má tún un ṣe. Bí ogójì ìyá bá sọ pé omi ni, ìlú ti mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ tọ ìjọba ìbílẹ̀ lọ fún.

Kí oṣù kan tó pé lẹ́yìn kíkà, kí wọ́n ka iye tí wọ́n rí sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìlú, lédè Yorùbá, lọ́jọ́ tí ọjà kún. Ẹni tí wọ́n fojú fò yóò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọn yóò sì fi tirẹ̀ kún un.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú iṣu sínú àká.